Ẹ̀fúùfù Lójú Òkun, Iyọ̀ Nínú Ibú

Omi tó ń fọ́ sí etíkun Èkó lónìí, níbo ló ti ń bọ̀? Bí ẹnikẹ́ni bá bi wá léèrè nípa odò Ògùn, a ó nawọ́ sí àwọn òkè ìhà Ṣakí, a ó ní ibẹ̀ ló ti ṣẹ̀ wá. Odò ní orísun, ó sì ní ibi tó ń lọ. Ṣùgbọ́n òkun kò jọ ohun tó ti ibì kan wá. Ìgbì ń dé, ìgbì ń padà, ojú wa sì gbà pé omi kan náà ló ti ń lọ tó ń bọ̀ níbẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, bí ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ tí kò rìnrìn àjò rí.

Òkun ń rìnrìn àjò. Omi tó ń kọjá níwájú Èkó ń lọ sí ìlà-oòrùn, ó wà nínú ìṣàn ńlá kan tí àwọn onímọ̀ òkun ń pè ní Ìṣàn Gíní. Láti ìhà Làìbéríà ló ti ń gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ bọ̀. Ó kọjá Ivory Coast, ó kọjá Gánà àti Tógò, ó kọjá Kútọnu àti Àgbádárìgì kó tó kàn wá, lẹ́yìn náà ló forí lé ilẹ̀ Ìlàjẹ àti ẹnu Odò Ọya. Bí a bá sì tọpa rẹ̀ padà sẹ́yìn, a kò ní dúró ní Làìbéríà. A ó la Òkun Àtìláńtíìkì já. Apá kan nínú omi náà ti gba etíkun àríwá Bràsíìlì kọjá kó tó ṣẹ́rí padà, tó kọjú sí ìlà-oòrùn, tó sì gbéra ìrìn àjò ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà wá bá Áfíríkà. Láti ọjọ́ tí mo ti ka èyí ni n kò ti lè wo òkun kí n má ronú nípa òdìkejì rẹ̀.

Kí ló ń gbé omi tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rìn? Ìdáhùn méjì ló wà, ọ̀kan fún ojú òkun, ọ̀kan fún ibú. Èyí tó jẹ ti ojú òkun rọrùn láti gbà gbọ́, nítorí ẹnikẹ́ni tó bá ti dúró létí omi ti fara gbá a rí: afẹ́fẹ́ ni.

Oòrùn ń mú agbedeméjì ayé gbóná ju ìpẹ̀kun rẹ̀ méjèèjì lọ. Afẹ́fẹ́ tó bá gbóná a fúyẹ́, a gòkè, òmíràn a sì rọ́ wọlé láti àríwá àti láti gúúsù láti gba ipò rẹ̀. Ká ní ayé dúró lójú kan ni, ọ̀nà tààrà ni afẹ́fẹ́ yìí ì bá gbà. Ṣùgbọ́n ayé ń yí láti ìwọ̀-oòrùn sí ìlà-oòrùn láìsinmi, ohunkóhun tó bá sì ń rin ọ̀nà jíjìn lójú rẹ̀ kì í lè lọ gbọọrọ. Ní ìdajì àríwá ayé, yóò máa yà sí ọwọ́ ọ̀tún. Ní ìdajì gúúsù, yóò máa yà sí ọwọ́ òsì. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀fúùfù ẹkùn tó gbóná fi ń fẹ́ láti ìlà-oòrùn lọ sí ìwọ̀-oòrùn, tí ti ẹkùn olótùútù òkè lọ́hùn-ún, níbi tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà, sì fi ń fẹ́ láti ìwọ̀-oòrùn wá sí ìlà-oòrùn. Ẹ̀fúùfù wọ̀nyí kì í ṣe àlejò ọjọ́ kan. Ọdún dé, ọdún lọ, wọn kò ṣíwọ́. Nítorí pé wọn kò ṣíwọ́ ni wọ́n ṣe lè mú òkun rìn.

Omi náà kì í sì í lọ síbi tí ẹ̀fúùfù kọjú sí gan-an. Ní ọdún 1893, Fridtjof Nansen, ará Nọ́wè, mọ̀ọ́mọ̀ wa ọkọ̀ rẹ̀ tó ń jẹ́ Fram wọ àárín yìnyín ìpẹ̀kun àríwá, ó jẹ́ kí yìnyín dì mọ́ ọn, kó lè mọ ibi tí òkun yóò gbé e lọ. Nǹkan bí ọdún mẹ́ta ni ọkọ̀ náà fi wà nínú yìnyín. Nansen ń wo afẹ́fẹ́, ó ń wo ìrìn yìnyín, ó sì rí i pé méjèèjì kò bára mu: ọwọ́ ọ̀tún afẹ́fẹ́ ni yìnyín máa ń yà sí. Nígbà tó délé, ọ̀rọ̀ náà dé ọwọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin ará Swídìn kan, Vagn Walfrid Ekman, tó fi ìṣirò wá ìdí rẹ̀, tó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní kíkún ní 1905. Ó ní afẹ́fẹ́ ń fa ìpele omi tó wà lókè pátápátá, ìpele yẹn ń fa èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀, ìyẹn náà ń fa tìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí ó ṣe ń jìn sí i ni agbára ń dín kù, tí ọ̀nà sì ń yí sí i, títí tí ọwọ́ afẹ́fẹ́ kò fi ní tó omi mọ́, ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún mítà sísàlẹ̀. Bí a bá wá ro gbogbo ìpele náà pọ̀, omi yóò ti yà kúrò lójú ọ̀nà afẹ́fẹ́ pátápátá, yóò forí lé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Ekman yìí kọ́ mi ní sùúrù nípa bí a ṣe ń wá ìdí nǹkan. Ẹni tó bá rí afẹ́fẹ́ nìkan yóò sọ pé òun mọ ibi tí omi ń lọ, yóò sì ṣì í sọ. Afẹ́fẹ́ ló ń tì, ṣùgbọ́n yíyí ayé, tí a kò rí, tí a kò gbọ́, ló ń pinnu ibi tí títì náà yóò já sí.

Bí ẹ̀fúùfù ti ń tì í síhìn-ín, tí ayé ń yà á sọ́hùn-ún, tí ilẹ̀ sì ń dínà mọ́ ọn, omi ojú òkun kò rọ́nà gbà ju kó máa yípo. Irú ìyípo ńlá bẹ́ẹ̀ márùn-ún ló wà láyé: méjì nínú Àtìláńtíìkì, méjì nínú Pàsífíìkì, ọ̀kan nínú Òkun Íńdíà. Ti àríwá ń yí bí ọwọ́ aago ti ń yí, ti gúúsù ń yí lódì sí i. Omi tó ń yà wọ àárín ìyípo ń kóra jọ níbẹ̀, débi pé àárín òkun ga ju etí rẹ̀ lọ ní nǹkan bí mítà kan. Òkè omi ni, ṣùgbọ́n ó tẹ́ lọ débi pé ọkọ̀ ń gùn ún, ó ń sọ̀kalẹ̀ rẹ̀, àwọn tó wà nínú rẹ̀ kò sì ní mọ̀. Ẹ̀rọ tó ń yí ayé po lójú sánmà la fi ń wọ̀n ọ́n.

Etí ìwọ̀-oòrùn ìyípo wọ̀nyí ni omi ti ń sáré jù lọ. Ní Àtìláńtíìkì àríwá, ibẹ̀ ni ìṣàn tí wọ́n ń pè ní Gulf Stream wà. Nígbà tí Juan Ponce de León, ará Sípéènì, bá a pàdé níwájú Florida ní 1513, afẹ́fẹ́ wà lẹ́yìn àwọn ọkọ̀ rẹ̀, síbẹ̀ ẹ̀yìn ni wọ́n ń lọ. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, nǹkan bí 30 mílíọ̀nù kúbíìkì mítà omi ló ń gba ẹ̀gbẹ́ Florida kọjá. Gbogbo odò ayé, Ọya, Náílì, Amazon àti ìyókù, bí a bá pa wọ́n pọ̀, wọn kò tó ìdá kan nínú ogún rẹ̀.

Nípa ìṣàn yìí, ìtàn kan wà tó wù mí púpọ̀. Benjamin Franklin, tó ń bójú tó iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ní Amẹ́ríkà nígbà náà, fẹ́ mọ ìdí tí ọkọ̀ tó ń kó lẹ́tà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń pẹ́ ju ọkọ̀ ẹrù lọ. Ó bi ìbátan rẹ̀ Timothy Folger, ọ̀gá ọkọ̀ ará Nantucket, tí àwọn ará ìlú rẹ̀ ń dọdẹ àbùùbùtán. Folger ní àwọn ọkọ̀ lẹ́tà ń wọ àárín ìṣàn náà, wọ́n ń bá a jà; àwọn apẹja ti kì wọ́n nílọ̀, wọn kò gbà. Àwọn ọdẹ àbùùbùtán mọ ìṣàn náà nítorí pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ẹran náà máa ń wà. Folger fa ọ̀nà rẹ̀ sórí àwòrán, Franklin sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní nǹkan bí 1769 sí 1770. Bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀ tó wà lórí ahọ́n àwọn apẹja ṣe di ìwé. Mo máa ń rántí àwọn apẹja Ìlàjẹ tí mo bá ka ìtàn yìí. Ohun tí wọ́n mọ̀ nípa ìgbà tí omi ń yí àwọ̀, ìgbà tó ń tutù, ìhà tí àwọ̀n ń fẹ́ sí, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni kò tíì dé inú ìwé kankan.

Àwọn Pọtogí náà ti mọ ìyípo Àtìláńtíìkì lò ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, kí ẹnikẹ́ni tó mọ ìdí rẹ̀. Ẹ̀fúùfù àti omi ń gbé ọkọ̀ wọn sọ̀kalẹ̀ wá sí etíkun wa wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ padà sílé, wọn kì í gba ọ̀nà tí wọ́n gbà wá. Wọ́n ń yà lọ sí agbami, jìnnà réré sí ilẹ̀, títí wọn yóò fi pàdé afẹ́fẹ́ òkè tí yóò gbé wọn lọ sí Yúróòpù. Ẹni tó mọ̀ pé òkun ń yípo ti ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́. Ohun tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ náà ṣí ni ọkàn mi kò lè fò dá.

Ní gúúsù agbedeméjì ayé, ìṣàn fífẹ̀ kan ń ti ìhà Áfíríkà lọ sí ìwọ̀-oòrùn, ó sì ń forí sọ ilẹ̀ Bràsíìlì. Níbẹ̀, ilẹ̀ là á sí méjì, níbi tí kò jìnnà púpọ̀ sí Bahia. Apá kan gba etíkun Bràsíìlì sọ̀kalẹ̀ lọ sí gúúsù. Apá kejì gòkè lọ sí àríwá, ó wọ Òkun Kàríbíánì, ó sì gba iwájú Kúbà kọjá. Bràsíìlì, Kúbà. Kò sí ọmọ Yorùbá tó lè gbọ́ orúkọ méjèèjì yìí pọ̀ kí ọkàn rẹ̀ má sọ. Láti Èkó, Àgbádárìgì, Àjàṣẹ́ àti Wídà ni wọ́n ti kó àwọn ènìyàn wa lọ síbẹ̀, pàápàá jù lọ ní ìdajì àkọ́kọ́ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Nínú gbogbo òwò ẹrú Àtìláńtíìkì, nǹkan bí mílíọ̀nù 12 àti ààbọ̀ ènìyàn ni wọ́n kó sọ́kọ̀ láti Áfíríkà. Àwọn tó gúnlẹ̀ lóòyè kò ju mílíọ̀nù 10 àti díẹ̀ lọ. Ìyókù, inú omi yìí ni wọ́n wà.

Mo ti gbìyànjú láti bínú sí òkun nítorí èyí, ìbínú náà kò rí ibi dúró sí. Omi kò de ẹnikẹ́ni ní ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Omi kò ra ènìyàn, kò tà á. Ohun tí wọ́n bá gbé lé e ló ń gbé, bí ó ti ń gbé ewé àti igi já. Àwọn tó mọ ọ̀nà rẹ̀ tí wọ́n sì yàn láti fi ìmọ̀ náà ṣe ibi ni ẹjọ́ wà lọ́rùn wọn. Nígbà tí àwọn ọmọ wa tí a ń pè ní Àgùdà ń padà bọ̀ láti Bahia láàárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, tí wọ́n ń kọ́lé sí Pópó Àgùdà ní Èkó, òkun kan náà ló gbé wọn wá.

Inú irú ọkọ̀ ẹrú bẹ́ẹ̀ náà ni ẹnìkan ti kọ́kọ́ fọwọ́ kan ìdáhùn kejì, èyí tó jẹ ti ibú. Ní 1751, Henry Ellis, ọ̀gá ọkọ̀ òwò ẹrú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ Earl of Halifax, so korobá tí ìdérí rẹ̀ ń pa ara rẹ̀ dé mọ́ okùn gígùn, ó sì sọ ọ́ sínú òkun ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, níbi tí oòrùn ti mú gan-an. Ó jẹ́ kó lọ jìn ju 1,600 mítà lọ. Omi ojú òkun gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n Celsius 29. Èyí tí korobá gbé wá láti ìsàlẹ̀ kò ju nǹkan bí 12 lọ. Ellis kọ̀wé ránṣẹ́ sílé nípa rẹ̀, ó sì ní omi náà wúlò fún àwọn nínú ọkọ̀ láti fi wẹ̀ àti láti fi mú wáìnì tutù.

Ó ṣòro fún mi láti ka gbólóhùn yẹn kí n sì kọjá lọ. Lórí ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó ènìyàn bí ẹrù ni wọ́n ti rí ọ̀kan nínú àṣírí tó tóbi jù lọ nípa ayé yìí, wọ́n sì fi í mú ọtí tutù. Àṣírí náà kò di kékeré nítorí ọwọ́ tó bọ́ sí. Ó yẹ ká gbà á, ká mọ̀ ọ́n, ká sì máa rántí ibi tó ti wá.

Nítorí kí ló mú kí ìsàlẹ̀ òkun tutù níbi tí òtútù kò ti wáyé rí? Oòrùn kò kúrò lórí omi yẹn láti ọdún dé ọdún. Ní òpin ọ̀rúndún kejìdínlógún, Benjamin Thompson, tí wọ́n ń pè ní Count Rumford, dáhùn pé kò lè jẹ́ ibẹ̀ ni omi náà ti tutù. Ó ní láti ti ìpẹ̀kun ayé wá. Bí ó bá sì ti ibẹ̀ wá, a jẹ́ pé ìrìn wà nínú ibú, níbi tí ọwọ́ afẹ́fẹ́ kò dé.

Ìrìn yẹn ló yà mí lẹ́nu jù lọ. Ìkòkò tó wà lórí àdògán, ìsàlẹ̀ ni iná rẹ̀ ti ń jó. Omi ìsàlẹ̀ gbóná, ó fúyẹ́, ó gòkè, ti òkè sọ̀kalẹ̀, gbogbo rẹ̀ ń hó. Òkun ni ìkòkò tí iná rẹ̀ wà lórí ọmọrí. Omi gbígbóná ti wà lókè tẹ́lẹ̀, òun náà ló sì fúyẹ́, kí ló kù tí yóò mú ìsàlẹ̀ mira? Ohun kan ṣoṣo ló kù: kí omi òkè di wíwúwo níbì kan, kó wúwo débi tí kò fi ní lè dúró lókè mọ́.

Ohun méjì ló ń mú omi òkun wúwo, òtútù àti iyọ̀. Nínú lítà omi òkun kan, iyọ̀ tó wà níbẹ̀ jẹ́ nǹkan bí gíráàmù 35. Bí omi ti ń gba ẹkùn tó gbóná kọjá, oòrùn ń fà á gbẹ, iyọ̀ inú rẹ̀ ń le sí i. Omi oníyọ̀ yìí ni àwọn ìṣàn ojú òkun ń gbé lọ sí àríwá, lọ sí ìhà Greenland àti òkun Labrador. Níbẹ̀, afẹ́fẹ́ ìgbà òtútù ń bọ́ ooru kúrò lára rẹ̀ lọ́sàn-án lóru. Ó tutù, iyọ̀ rẹ̀ sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ó di wíwúwo, ó rì. Láàárín Greenland àti Iceland, omi tútù ń ṣàn kọjá lórí òkè kan tó wà nínú òkun, ó sì ń já wálẹ̀ ní ibi tó jìn tó nǹkan bí 3,500 mítà. Omi tó ń já láti òkè tó ga jù lọ láyé nìyẹn, kò sì sí ojú kankan tó ń wò ó.

Ní ìpẹ̀kun gúúsù, létí Antákítíkà, iyọ̀ ń gba ọ̀nà mìíràn ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Bí òkun bá dì, yìnyín kì í gba iyọ̀ mọ́ra púpọ̀. Ó ń lé e jáde sínú omi tó kù lábẹ́. Omi yẹn wá di oníyọ̀ kíkorò, ó tutù ju bí omi odò ṣe lè tutù kó má dì lọ, ó sì ń rì láti òkun Weddell àti òkun Ross títí yóò fi tẹ́ sí ìsàlẹ̀ pátápátá, lábẹ́ omi tó ti àríwá wá. Láti ibẹ̀ ló ti ń fà lọ, díẹ̀díẹ̀, sínú gbogbo òkun ayé.

Ní àwọn ọdún 1950, Henry Stommel, ará Amẹ́ríkà, fi ìṣirò sọ pé omi ibú yìí ní láti máa gba ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀ Amẹ́ríkà sọ̀kalẹ̀ lọ sí gúúsù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó rí i rí. Ní 1957, John Swallow, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rọ páìpù alumíníọ̀mù tó lè léfòó láàárín ibú, tó ń dún kí ọkọ̀ lókè lè gbọ́ ibi tó wà. Wọ́n sọ irú rẹ̀ mélòó kan sínú òkun lábẹ́ Gulf Stream. Lókè, omi ń sáré lọ sí àríwá. Nísàlẹ̀, àwọn páìpù náà ń lọ sí gúúsù.

Bí mo bá ronú dé ibẹ̀, ọ̀rọ̀ náà máa ń hàn sí mi kedere. Lójú òkun, omi ń lọ nítorí pé ohun kan ń tì í. Nínú ibú, omi ń lọ nítorí ohun tó gbé. Ìrìn àkọ́kọ́ yá, ó ní ariwo, gbogbo ayé ń rí i. Ìrìn kejì kò ju sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ lọ nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, kò sì sí ìjì tó lè dá a dúró. Èyí tó gbé iyọ̀ tirẹ̀ dání ló ń dé ibi tó jìn jù.

Ó sì ń pẹ́ kó tó dé. Àwọn onímọ̀ ń ka ọjọ́ orí omi láti ara kábọ́ọ̀nù inú rẹ̀, wọ́n sì mọ ìgbà tó kúrò lábẹ́ afẹ́fẹ́ kẹ́yìn. Omi tó wà nísàlẹ̀ Pàsífíìkì ní ìhà àríwá ti lo nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún láìrí oòrùn. Nígbà tó rì, àwọn tó da orí idẹ Ilé-Ifẹ̀ kò tíì wáyé. Ti Àtìláńtíìkì kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ni. Nínú rẹ̀ ni omi wà tó wà lójú òkun nígbà tí àwọn ọkọ̀ ẹrú ń gba orí rẹ̀ kọjá.

Ohun tó rì gbọ́dọ̀ gòkè. Òṣùpá tó ń fa òkun sókè sódò ń mú omi ibú fara gbún àwọn òkè ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó ń pò ó mọ́ èyí tó gbóná lókè rẹ̀. Ní àyíká Antákítíkà, níbi tí ilẹ̀ kankan kò ti dí ẹ̀fúùfù lọ́wọ́, afẹ́fẹ́ ń ti omi ojú òkun kúrò, omi ibú sì ń gòkè wá dípò rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀fúùfù tí mo ti yà sọ́tọ̀ fún ojú òkun nìkan tún ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ ibú. Ọ̀nà méjì ni mo fi ṣàlàyé, ara kan náà ni òkun ní.

A ń rí díẹ̀ nínú gígòkè yìí nítòsí wa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe láti ibú jíjìn. Láti oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án, omi tútù ń gòkè sí ojú òkun níwájú Gánà àti Ivory Coast. Ó ń gbé ohun ọ̀rá wá, ìyẹn gbogbo ohun tó kú tó sì jẹrà nínú òkùnkùn ìsàlẹ̀. Bí oòrùn bá ti kàn án, ewéko wẹ́wẹ́ inú omi yóò hù, ẹja ṣáwá yóò dé láti jẹ ẹ́, ọkọ̀ ọlọ́pọ́n àwọn apẹja yóò sì kún. Omi tútù yẹn kan náà wà lára ohun tó ń dín òjò etíkun kù ní oṣù kẹjọ, nígbà tí àgbẹ̀ ilẹ̀ wa ń rí ìsinmi díẹ̀ láàárín òjò méjì. Ẹni tó ń ya àgbàdo rẹ̀ nínú oko lásìkò náà ń jàǹfààní òkun tí ó ṣeé ṣe kó má fojú rí rí.

Nítorí náà ni ìròyìn òkun òde òní fi ń gbà mí lóorun. Ju ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá lọ nínú ooru àfikún tí èéfín wa ń há mọ́ ayé ni òkun ti gbà mọ́ra, ó sì ń gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin èéfín kábọ́ọ̀nù náà fúnra rẹ̀. Omi tó bá gbóná a máa wú, yìnyín orí ilẹ̀ ń yọ́ kún un. Àwọn ará Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó ní 1947, ti fojú ara wọn rí bí òkun ṣe ń gba ilé wọn lọ́wọ́ wọn. Omi yìnyín Greenland tó ń yọ́ kò ní iyọ̀. Bí ó bá pọ̀ tó lójú òkun ibẹ̀, omi náà yóò fúyẹ́ jù láti rì. Láti 2004 ni wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ tí wọ́n tò kọjá láti Florida dé ìhà Áfíríkà wọn bí omi Àtìláńtíìkì ṣe ń lọ tó sì ń bọ̀, nǹkan bí mílíọ̀nù 17 kúbíìkì mítà nínú ìṣẹ́jú àáyá kan. Wọ́n ń ṣọ́ ọ nítorí pé ìrìn náà ti lọ sílẹ̀ gidigidi rí. Nígbà tó ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bí 12,900 ọdún sẹ́yìn, àríwá ayé padà sínú òtútù líle lójijì. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún àti ti òkun sì jẹ́rìí pé nírú àsìkò bẹ́ẹ̀, òjò ń sún lọ sí gúúsù, ọ̀dá sì ń mú Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Iyọ̀ tó kù díẹ̀ kó tó nítòsí Greenland lè di òjò tí kò rọ̀ sí oko wa.

Èéfín jẹnẹrétọ̀ ẹ̀yìnkùlé wa wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, bí ó tilẹ̀ kéré gan-an lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ilé iṣẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè olówó. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ń wọ omi tó ń rì lọ́dún yìí. Kò sí ẹnì kan nínú wa tí yóò wà láyé nígbà tí omi náà bá tún rí oòrùn. Èyí ló yí bí mo ṣe ń ro ọ̀rọ̀ àrólé padà. A máa ń ka ilẹ̀, ilé àti orúkọ rere sí ohun tí a fi ń sílẹ̀ fún ọmọ. Omi wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú, a sì ti ń kọ ohun tí wọn yóò jogún sínú rẹ̀ láìbi wọ́n.

Ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀ jù. Mo fẹ́ kí ọmọ tó bá sọ nílé pé òun fẹ́ kọ́ nípa òkun má gbọ́ pé iṣẹ́ kò sí níbẹ̀. Láti 1975 ni ilé ìwádìí òkun ìjọba ti wà ní Victoria Island. Mo fẹ́ kí ọkọ̀ ìwádìí máa jáde láti etíkun wa déédéé, kí àwọn ọmọ wa máa wọn ooru àti iyọ̀ Ìṣàn Gíní lóṣooṣù, kí wọ́n sì jókòó ti àwọn apẹja Ìlàjẹ láti kọ ohun tí àwọn yẹn mọ̀ sílẹ̀ kí àgbà tó mọ̀ ọ́n tó tán. Àwọn tó kọ́kọ́ mọ ọ̀nà omi yìí fi ìmọ̀ náà kó wa lọ. Ó tó àkókò kí àwa náà mọ̀ ọ́n, dé ìsàlẹ̀ ibú rẹ̀, ká sì fi ìmọ̀ náà dáàbò bo àwọn tí yóò gbé etíkun yìí lẹ́yìn wa.